Ẹni Tó Ń Rìn ní Yàrá Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí mo ṣe dé Japan, èsì mi kì í gùn: ọkọ̀ òfuurufú gbé mi, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀. Ìyẹn ò ní ìtàn nínú. Ọ̀sẹ̀ kẹta mi níbẹ̀ ló ní ìtàn. Ọ̀sán gangan ni, mo ń se ìrẹsì, fóònù mi déédéé figbe ta. Kí n tó wo ohun tó kọ sójú rẹ̀, ilẹ̀ ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Mo ka kálímà ṣàhádà. Mo já sí ìta pẹ̀lú ṣòkòtò pénpé àti bàtà ẹsẹ̀ kan, mo dúró láàárín ọ̀nà, mo ń retí kí ayé parí. Ayé ò parí. Ìyá àgbà tó ń gbé ní ilé tó kọjú sí tèmi yọjú lójú fèrèsé, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó tẹrí ba fún mi, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Mo pe ilé lọ́jọ́ náà, mo rò fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ràmátù, tó ń gbé ní àdúgbò Fate pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní nínú gbogbo ìlú tí Ọlọ́hun dá, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá ilẹ̀ tó ń jó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ní Ìlọrin tí wọ́n ti bí mi, mo ti fura sí ènìyàn, mo ti fura sí ìjọba àti sí iná NEPA, ṣùgbọ́n n kò fura sí ilẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti kọ̀ tí kò balẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ mímì yìí kan náà ni mo sì lọ kọ́. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì nílé, mo wá lọ síbẹ̀ láti kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, bí ó ṣe ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó tì í. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, ibi iṣẹ́ kan ní ìlú etí òkun gbà mí, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ dán mi wò fún ọdún kan ààbọ̀. Bí mo bá yege, ìjókòó iṣẹ́ náà di tèmi títí lọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò nira láti ṣàlàyé. Wọ́n ti ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ káàkiri, lórí òkè, létí omi, lẹ́yìn ilé ìwé. Gbogbo wọn ń tẹ́tí. Abiyamọ tó sùn nínú ilé aláriwo kì í jí nítorí ariwo, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ké fín-ín, ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọ̀nyí: wọ́n mọ ariwo tó ti mọ́ wọn lára, èyí tó bá yàtọ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, bí ìlà tó ń mì lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ẹ̀rọ ò ní làákáyè. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kọjá, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn ọmọ ilé ìwé tó fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìmìtìtì ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ wò ó kí n sọ pé èyí ni, èyí kọ́, kí n sì fi orúkọ mi sí i. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí à ń pè ní Mori-san, sọ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà á máa sọ pé gbogbo rẹ̀ ni, ẹni tó ti rẹ̀ á sì máa sọ pé kò sí èyí tó jẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni mí.

Mo níyì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní òpin ọdún, ẹ̀rọ kan ní abúlé kan ń fi nǹkan kéékèèké ránṣẹ́ léraléra, ó ń lọ déédéé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó níwájú ìlà rẹ̀ sì ń jiyàn lórí ohun tó jẹ́. Mo wo ìlà náà, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú sórí tábìlì. Mo ní ènìyàn méjì ló ń gún nǹkan nínú odó kan, ẹnì kan ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ bí èkejì ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè. Wọ́n fi fóònù pe abúlé náà. Lóòótọ́, ìrẹsì ọdún ni wọ́n ń gún nínú àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ wà. Mori-san rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn títí mo fi délé, níbi tí kò ti sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Èyí tí wọn kì í sọ fún ènìyàn kí ó tó lọ nìyẹn. Ebi kọ́, òtútù kọ́. Bí ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, ìwọ nìkan lo máa gbé e wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yàrá mi kọ ìwé kékeré kan, ó fi há ẹnu ọ̀nà mi, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ ju ẹ̀sùn lọ: ẹsẹ̀ mi ń dún jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nínú yàrá mi bí olè. Ní Adéwọlé, nílé bàbá mi, ìró ẹsẹ̀ la fi ń mọ ara wa. Ìyá mi á wà ní kíṣíìnì, á dárúkọ ẹni tó wọlé láìbojú wẹ̀yìn. Mo wá wà ní ibi tí ẹsẹ̀ mi ti di ohun tí à ń fi ìwé bẹ̀ mí sí.

Bàbá mi kú ní ọdún kejì mi níbẹ̀. Àárọ̀ ló kú, wọ́n sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun àyìlà, nítorí òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, n kò sì retí kí wọ́n dúró dè mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ni èmi gbọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn àlùfáà ti jẹun tí wọ́n sì ti lọ. Mo ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ ni, wọ́n ní kí ọkàn mi má baà dàrú. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ náà ni mo ń pe ilé. Ìyá mi á ní bàbá mi wà ní mọ́sáláṣí, ó ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Mo ní kí ó bá mi kí i. Ó ní òun á kí i.

N kò bá a jà. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jà nígbà tó wà nínú opó? Àmọ́ láti ìgbà náà, bí ìpè bá wọlé láti ilé, àyà mi á já. Bí kò bá sì wọlé, àyà mi á tún já. Mo ń bi ara mi lójoojúmọ́ pé ta ló tún kù tí wọ́n ti sin tí n kò mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ lọ sílé nìyẹn. Ibi iṣẹ́ wa fẹ́ kó àwọn kéékèèké kan tó ti gbó dànù, wọn ò tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Mo tọrọ ọ̀kan. Nígbà tí mo lọ kí ibojì bàbá mi, mo gbé e kalẹ̀ sí orí sìmẹ́ǹtì nínú yàrá ìyá mi, lábẹ́ fèrèsé. Mo ra sólà kékeré fún un ní àdúgbò Post Office, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí yóò máa fún un ní dátà. Mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ Ìlọrin náà máa ń mì. Ó ní kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí ó mì. Ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé iṣẹ́ ìwádìí ọmọ òun ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ilẹ̀ kì í gbé ẹ̀rọ sí yàrá tí ènìyàn ń gbé. Oko ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tó jìnnà sí ẹsẹ̀ àti ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi gan-an ni mo ń wá. Ènìyàn lè pa irọ́ fún mi, mo rò pé ilẹ̀ ò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àsìkò tí wọ́n bá ń pe ìrun àsùbá ní Ìlọrin, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, mo sì máa ń wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán mi. Mo á ṣí fóònù, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá mi rèé ó dìde. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó padà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wúwo ju ọ̀tún lọ nítorí orúnkún ọ̀tún tó ń dùn ún. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, orúnkún òsì á kọ́kọ́ balẹ̀, á sinmi díẹ̀, ọ̀tún á wá tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń sọ ẹrù ẹyin. Rákà méjì, lẹ́yìn náà méjì mìíràn. Bí mo bá ti rí i, mo á jẹun mi tán.

Lọ́jọ́ kan ẹnu mi yọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó pẹ́ lórí ìrun àsùbá. Ó ní, "Ṣé o ń ṣọ́ mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ tó wà lókèèrè tó sì ń gbúròó ìyá rẹ̀, Alihamudu lilahi. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, bí ó bá ti sálámà tán, á rìn wá sí ìdí ẹ̀rọ, á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn ni pé òun ti jí. Èmi náà á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò sí ohun tó máa gbé tèmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó kù bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n sọ bóyá mo yege níbi iṣẹ́ ni mo ṣàkíyèsí pé ara ìyá mi ń yá sí i. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti dọ́gba, orúnkún méjèèjì ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fi àlẹ̀mọ́ra kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ orúnkún. Mo pè é, mo bi í léèrè orúnkún. Ó ní, "Orúnkún wo? Ọlọ́hun ti gbà á." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lọ sọ fún Mori-san pé oògùn ìlú wọn ti wo ìyá mi sàn. Ó tẹrí ba, ó ní òun bá mi yọ̀.

Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó ní ti aládùúgbò ni. Mo ní kí a fi ojú rí ara wa lórí fóònù. Ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, Ràmátù á gbé e lọ tún ṣe. Èmi tí mo ń fura sí ilẹ̀, n kò fura sí kámẹ́rà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìrun dáwọ́ dúró.

Ẹsẹ̀ dìde ní àsùbá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó rìn wá, ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó padà. Kò sí orúnkún tó balẹ̀. Mo rò pé orí ìjókòó ló ti kírun lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Mo pè é, mo fi ọgbọ́n bi í bóyá ó ń rí ìrun rẹ̀ kí lásìkò. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí mi, n ò tíì pa àsùbá kan jẹ láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Títí kan tòní."

Ìyá mi lè yí ọ̀rọ̀ po fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí irọ́. Mo bá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo yẹ ẹ̀rọ wò láti ọ̀dọ̀ mi, kò bàjẹ́. Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹfà, ẹsẹ̀ ń rìn, orúnkún ò kanlẹ̀. Ní ọjọ́ keje ìrun padà, rákà méjì, méjì, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo jókòó ti ìrẹsì tutù níwájú mi, mo ń bi ara mi pé irú ènìyàn wo ló ń jí ní àsùbá fún ọjọ́ mẹ́fà láìkírun, tí á sì bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ keje. Mo wá rántí ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn ọjọ́ kan máa ń wà tí Àǹtí Ràmátù á bá wa jí, á pọn omi àlùwàlá fún gbogbo ilé, àmọ́ kò ní bá wa tò lẹ́yìn bàbá wa. Mo bèèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan, ojú lásán ni ìyá mi fi dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Mo kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ jáde, mo gbé ìrìn oṣù tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ìrìn ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ni. Àlẹ̀mọ́ra ò wo ẹnikẹ́ni sàn. Mo ń padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan tí ẹsẹ̀ ìyá mi ti rìn kẹ́yìn. Ó dìde, ó ń lọ sí ibi àlùwàlá. Nǹkan kan wúwo, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ìlà náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kí ẹsẹ̀ púpọ̀ tó sáré wọlé.

Ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ. Ó ti dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí mi. Òkun ń mì lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mo ṣe bí gáàsì ìdáná ló ṣubú. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i ṣì wà níbẹ̀, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀: kì í ṣe nǹkan kan.

Mo bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ wa, mo sunkún. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ikú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá lè bá a rìn nígbà tó wà láàyè, wọ́n lè bá a rìn lẹ́yìn ikú. Ẹ̀rọ tí mo gbé sílé kí wọ́n má baà tún tàn mí jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń tàn mí. Wọ́n á kàn máa janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún mi títí ìdánwò mi á fi parí.

Ní ọjọ́ kejì mo dúró de àsìkò náà. Ẹsẹ̀ dìde, ó kírun, ó ń bọ̀ wá sí ìdí ẹ̀rọ. Mo pe fóònù Àǹtí Ràmátù. Lójú mi báyìí, ẹsẹ̀ náà dúró.

Ó gbé e. Ó kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ní Fate. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má janlẹ̀ mọ́. Ibo ni Ìyá wà?"

Ó kọ́kọ́ ní wọ́n ń sùn. Mo ní ẹ̀yin lẹ wà ní yàrá wọn, ó ku ẹsẹ̀ mẹ́rin kí ẹ dé ìdí fèrèsé. Mo rí i lórí ìlà bí ó ṣe jókòó sílẹ̀ gbì, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Mo ní ọmọ yìí á mọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Egungun itan ìyá wa ló ṣẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ló wà láti ìgbà náà. Orí ibùsùn tí wọ́n ti ń fà á lẹ́sẹ̀ ló ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi, nítorí bí mo bá gbọ́, mo á wọkọ̀, bí mo bá sì wọkọ̀, ìjókòó tí mo ti ń lé láti ọjọ́ yìí á bọ́. Wọ́n rò ó pé bí ẹsẹ̀ bá dáwọ́ dúró ní yàrá, mo á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ ní Fate, tó ń wá sùn ní Adéwọlé, tó ń jí ní àsùbá kí n lè jẹun ọ̀sán mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wá gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí abúlé lọ tọ́jú ìyá wa.

Ojú ń tì mí láti bèèrè ti ọjọ́ mẹ́fà yẹn, mo kàn ní mo rí àwọn ọjọ́ kan tí kò sí ìrun. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí n fi purọ́, mo sì fi purọ́ ọ̀hún nítorí rẹ. Ìrun tí mo ń kí láwọn ọjọ́ yòókù, tèmi ni. Ṣùgbọ́n kí n wà nínú àìmọ́, kí n wá forí kanlẹ̀ kí ìwọ baà lè rí i ní Japan? Mo bẹ̀rù Ọlọ́hun."

Mo ní mo ń bọ̀ nílé. Ó gbé fóònù fún ìyá mi nígbà tó dé abúlé. Mo ti to ẹ̀sùn sílẹ̀, ti bàbá mi pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ohun tí n kò sọ láti ọdún yẹn. Ìyá mi gbọ́ mi dé ìdajì, ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ purọ́ nínú àwa méjèèjì? Ìwọ lo ní ilẹ̀ lo fẹ́ gbọ́." Ó ní kí n má wá. Ó ní bí mo bá wá, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀.

Mori-san gbọ́ mi tán, ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní òun lè fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé ìjókòó náà á dúró dè mí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ni í. Kò dúró dè mí. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe báyìí, n kì í sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn bóyá wọ́n á tún un ṣe. Bí àwọn ènìyàn bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀, mo máa ń ní rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni.

Yàrá tí mo bá a sí kò ju ibùsùn kan àti àga kan lọ, ewúrẹ́ ń ké lójú fèrèsé. Wọ́n ti fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ di itan rẹ̀ láti ìbàdí dé orúnkún. Ìyá mi ti gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, ó wò mí, kò dáhùn. Ó yíjú sí Àǹtí Ràmátù, ó ní kí ó bi àlejò yìí pé ta ló fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Mo rìn lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò. Ó ní, "Ọkọ mi, o ti rù."

Bẹ́ẹ̀ la wà títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì ní mọ́sáláṣí abúlé. Àǹtí Ràmátù gbé òkúta pẹlẹbẹ kan wá dípò omi àlùwàlá, nítorí wọn ò fẹ́ kí omi kan aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì pa òkúta náà, ó fi nu ojú, ó fi nu ọwọ́. Wọ́n ti yí ibùsùn kí ojú rẹ̀ lè kọ sí gábàsì, níbi tí à ń kọjú sí kírun. Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yẹ kí ó tẹrí ba, ó mi orí díẹ̀. Nígbà tó yẹ kí ó forí kanlẹ̀, ó mi orí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì pa ojú dé. Rákà mẹ́rin ló kí báyìí níwájú mi. Èmi tí mo jókòó tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ ń kàn mí, n kò gbúròó ohunkóhun. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lélẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ìdí ibùsùn, ilẹ̀ ò mira.

Ó sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì. Ọjọ́ méjìdínlógójì ló ti ń kírun báyìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó dé Japan.